Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Ọdún, Ìkòkò àti Ìwé

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kà lónìí jẹ mọ́ ọdún ṣíṣe àti ọmọ títọ́. Gbogbo wa ni a ń ṣe ọdún. Gbogbo wa ni a sì ń fi oúnjẹ ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: nígbà tí ọdún bá kọjá, tí ìkòkò bá ṣófo, kí ni ó kù lọ́wọ́ ọmọ?

Ẹ ka ẹ̀kọ́ náà díẹ̀díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ kà á sínú, lẹ́yìn náà kí ẹ kà á sókè. Bí ẹ bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ kan ti le, ẹ dúró. Ẹ pín ọ̀rọ̀ náà sí ègé-ègé, kí ẹ pè é, kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

1. Ọdún iṣu ní Atakpamé

Atakpamé jẹ́ ìlú kan láàárín àwọn òkè ní ilẹ̀ Tógò. Láti Lomé dé ibẹ̀ tó nǹkan bí 160 kìlómítà, bí a bá dojú kọ àríwá. Òun ni olú ìlú ẹkùn Plateaux. Àwọn ènìyàn Ifẹ̀, tí àwọn mìíràn ń pè ní Àná, ń gbé níbẹ̀ àti ní àwọn ìlú tó yí i ká. Ìtàn tí àwọn baba ńlá wọn fi sílẹ̀ ni pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Ọmọ ìyá ni èdè wọn àti èdè Yorùbá. Ohun tí àwọn ará Ọ̀yọ́ ń pè ní iṣu, itsu ni àwọn ń pè é. Nítorí náà ni a fi ń kọ orúkọ ọdún iṣu wọn sínú ìwé báyìí: Odon-Tsu.

Nínú oṣù kẹjọ ni wọ́n máa ń ṣe ọdún yìí, nígbà tí iṣu tuntun bá ti dé. Ọdún ọpẹ́ ni. A ń dúpẹ́ fún òjò, fún ilẹ̀, àti fún ẹ̀mí tí a fi rí iṣu tuntun. Àwọn àgbà tí wọ́n di àṣà mú kì í fi ẹnu kan iṣu tuntun kí a tó fi í dúpẹ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn a máa padà wálé. A ń gún iyán, a ń lu ìlù, a ń kí ara wa.

Àwọn àgbẹ̀ tó wà láàárín yín mọ̀ pé iṣu kì í déédé dé orí àtẹ. A ó kọ ebè. A ó gbin èbù sínú rẹ̀. A ó fi koríko bo orí ebè kí oòrùn má baà jó èbù. Bí ó bá hù, a ó fi ọ̀pá gbé ìtàkùn rẹ̀ sókè. A ó sì ro oko náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Bí iṣu àkọ́kọ́ bá tó wà, àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ kì í fa gbogbo rẹ̀ tu. Yóò gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ebè jẹ́jẹ́. Yóò gé iṣu ńlá, yóò fi orí rẹ̀ àti ìtàkùn sílẹ̀, yóò sì da erùpẹ̀ bò ó padà. Orí tí ó fi sílẹ̀ yẹn yóò tún ta àwọn iṣu kéékèèké. Àwọn ni yóò di èbù ọdún tí ń bọ̀. Ẹ wò ó bí ó ti rí: a ń jẹ ti ọdún yìí, a sì ń fi ti ọdún tí ń bọ̀ pa mọ́.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó yẹ kí ọdún ṣíṣe rí. Oúnjẹ ọdún ni iṣu tí a ń jẹ. Ìtumọ̀ ọdún ni èbù. Bí a bá jẹ iṣu tán tí a kò sì fi èbù sílẹ̀, kí ni a ó gbìn lọ́dún tó ń bọ̀?

2. Ìdáhùn méjì

Ká sọ pé ọmọ ọdún 5 kan jókòó ti ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Iṣu tuntun wà nílẹ̀. Ọmọ náà wí pé: "Ìyá, iṣu yìí ti wà nílé láti ìjẹta. Kí ló dé tí a kò tíì jẹ ẹ́?"

Ìyá náà lè dáhùn pé: "Pa ẹnu mọ́ níbẹ̀. Ọmọdé kì í tú ìdí ọ̀rọ̀." Ọmọ yóò dákẹ́. Bí ọjọ́ ọdún bá pé, yóò jẹ iyán, yóò yó, yóò sùn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ kò tíì rí ìdáhùn. Bí ó bá dàgbà tí ó lọ ń ṣiṣẹ́ ní Lomé, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bi í pé, "Kí ni ẹ ń ṣe nínú ọdún iṣu yín?" ohun tí yóò lè sọ ni pé, "A máa ń jẹ iyán."

Ìyá náà sì lè dáhùn báyìí: "O ṣeun tí o béèrè, ọmọ mi. Bàbá rẹ àgbà ni ó kọ ebè. Òjò ni ó rọ̀ sí i. Ilẹ̀ ni ó gbà á. A kò tíì dúpẹ́, ṣé ó yẹ kí a ti jẹ ẹ́? Bí ọjọ́ ọdún bá pé, a ó dúpẹ́, a ó sì gún un. Ìwọ ni yóò bá mi fọ̀ ọ́."

Ìdáhùn kejì yìí kò gba owó. Kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti gba èbù. Ó tún ti gba iṣẹ́ tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

3. Bí àwọn Júù ti ń ṣe é

Kì í ṣe àwa nìkan ni a ń fi oúnjẹ sọ ìtàn fún ọmọ. Àwọn Júù jẹ́ ènìyàn tí a fọ́n ká sí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ fún nǹkan bí 2000 ọdún. Wọ́n gbé láàárín àwọn tí èdè àti ẹ̀sìn wọn yàtọ̀. Síbẹ̀ ọdún wọn kò parun. Ohun méjì wà lára ohun tí ó mú kí ó rí bẹ́ẹ̀: oúnjẹ orí tábìlì àti ìwé, tí wọ́n gbé lé ọmọdé lọ́wọ́ láti kékeré.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọdún Ìrékọjá. Nínú oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin ni ó máa ń bọ́ sí. Ó jẹ́ ìrántí ọjọ́ tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì kúrò nínú oko ẹrú ní Íjíbítì. Ẹni tó bá ní Bíbélì nílé lè ka ìtàn náà nínú ìwé Ẹ́kísódù, orí 12. Níbẹ̀ ni a ti sọ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àwọn ọmọ yóò béèrè ìtumọ̀ ọdún náà, àti pé kí àwọn òbí dá wọn lóhùn.

Ní alẹ́ ọdún náà, gbogbo ilé a jókòó yí oúnjẹ ká. Ìwé kan wà lọ́wọ́ wọn tí a ń pè ní Haggadah. Inú rẹ̀ ni ìtàn náà wà lẹ́sẹẹsẹ. Ọmọ tí ó kéré jù tí ó lè sọ̀rọ̀ ni ó máa ń béèrè pé: kí ló mú kí alẹ́ yìí yàtọ̀ sí gbogbo alẹ́ yòókù? Títí ìbéèrè náà kò fi jáde, àgbà kò ní bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ẹ kíyè sí i: níbẹ̀, ìbéèrè ọmọdé kì í ṣe àfojúdi. Òun gan-an ni ó ṣí ilẹ̀kùn ọdún.

Oúnjẹ tí ó wà níwájú wọn náà ń sọ̀rọ̀:

Àkàrà aláìwú: ìyẹ̀fun àti omi nìkan ni, kò ní ìwúkàrà. Ó ń sọ pé àwọn baba wọn yára jáde débi pé ìyẹ̀fun wọn kò ráyè wú. Àwọn tí ń ṣe é kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó ju ìṣẹ́jú 18 lọ láti ìgbà tí omi bá ti kan ìyẹ̀fun títí yóò fi jinná.

Ewé kíkorò: ó ń sọ bí ìyà oko ẹrú ti korò tó.

Omi iyọ̀: ó ń sọ nípa omijé.

Èso àti ẹ̀pà inú igi tí a gún pọ̀: ó rí bí amọ̀ tí àwọn ẹrú fi ń mọ ilé.

Ọmọ tí kò tíì mọ ìwé kà yóò fi ahọ́n ka ìtàn náà. Yóò tọ́ kíkorò wò, yóò tọ́ iyọ̀ wò, yóò tọ́ dídùn wò. Kí ó má baà sùn kí ìtàn tó parí, wọ́n a máa fi ègé àkàrà aláìwú kan pa mọ́, àwọn ọmọ yóò sì máa wá a kiri. Ẹni tí ó bá rí i a gba ẹ̀bùn.

Nínú ọdún Púrímù, wọ́n a máa ka ìwé Ẹ́sítérì sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Hámánì ni ọ̀tá tó wà nínú ìtàn náà. Nígbàkigbà tí a bá ka orúkọ rẹ̀, àwọn ọmọdé a pariwo, wọ́n a mi ṣaworo, kí a má baà gbọ́ orúkọ náà. Wọ́n a sì máa yan àkàrà kékeré onígun mẹ́ta tí nǹkan dídùn wà nínú rẹ̀, tí a fi orúkọ Hámánì náà pè. Nínú Àjọ Àgọ́, tí í ṣe ọdún ìkórè, wọ́n a kọ́ àgọ́ kékeré sí ìta, àwọn ọmọ a sì so èso mọ́ ọn lára. Nínú ọdún Hanukkah, oúnjẹ tí a fi òróró dín ni wọ́n ń jẹ. Ọ̀kan nínú rẹ̀ jọ botokoin tí a ń rà lọ́jà wa.

Àṣà kan tún wà tí ó yẹ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Ní nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn, ní ilẹ̀ Jámánì àti Faransé, bí ọmọ Júù bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìwé, a ó kọ lẹ́tà sí ara wàláà. Olùkọ́ yóò pe lẹ́tà náà, ọmọ yóò pè é tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà a ó fi oyin kùn ún, ọmọ yóò sì lá a. Báyìí ni ọmọ ṣe mọ̀ láti ọjọ́ kìíní pé ìwé kì í korò.

Àwọn tí ń ṣe àjọ̀dún wọ̀nyí wà ní tòsí wa pẹ̀lú. Ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Ghana, ní ìlú Sefwi Wiawso, àwọn ará Sefwi kan wà tí wọ́n ti ń tẹ̀lé ẹ̀sìn àwọn Júù láti nǹkan bí ọdún 1976. Ọmọ Áfíríkà bí tiwa ni wọ́n. Wọ́n ń pa ọjọ́ Sábáàtì mọ́, wọ́n sì ń ṣe àwọn ọdún náà ní ilé wọn.

A kò sọ èyí kí a lè pa ọdún tiwa tì. A sọ ọ́ kí a lè rí ọ̀nà tí àwọn ẹlòmíràn gbà, kí a sì mú èyí tó bá wa mu.

4. Iṣẹ́ ọmọ nínú ilé ìdáná

Ẹ má lé ọmọ kúrò nídìí oúnjẹ ọdún. Ẹ fún un níṣẹ́ tó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu.

Ọmọ ọdún 2 sí 3 lè da omi sínú igbá. Ó lè fọ iṣu tí a kò tíì bó. Ó lè ka iṣu pẹ̀lú yín: ení, èjì, ẹ̀ta.

Ọmọ ọdún 4 sí 5 lè po ìyẹ̀fun. Ó lè já ẹ̀fọ́. Ó lè bó ẹyin tí a sè, bí ó bá ti tutù.

Ọmọ ọdún 6 sí 8 lè wọn nǹkan pẹ̀lú ife. Ó lè gún ata díẹ̀. Ó lè ka àkọsílẹ̀ oúnjẹ fún yín bí ó bá ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ fi lé ọmọ kékeré lọ́wọ́. Ọ̀bẹ mímú, omi híhó àti òróró gbígbóná jẹ́ ti àgbà. Ẹ yí ọwọ́ ìkòkò sí ibi tí ọmọ kò ti lè fà á. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ fi ọwọ́ sínú odó nígbà tí ọmọ odó bá ń lọ sókè sódò. Iṣu tútù a máa yún ni lára, nítorí náà àgbà ni kí ó bó o. Ẹ má sì fi oyin sí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan lẹ́nu, ó lè fa àìsàn tó le fún un. Iyán tí ẹ óò fún ọmọ kékeré, ẹ gé e wẹ́wẹ́, nítorí òkèlè ńlá lè há a lọ́fun.

Iṣu ń fún ara ní agbára, ṣùgbọ́n kò tó fún ọmọ tó ń dàgbà bí ó bá dá wà. Ẹ fi ẹ̀wà, ẹja, ẹyin tàbí ẹran kún un, kí ẹ sì fi ẹ̀fọ́ kún ọbẹ̀ rẹ̀.

5. Àkàrà lẹ́tà

Oúnjẹ kan nìyí tí ọmọ lè fi kọ́ ìwé. A lè ṣe é nínú ọdún iṣu, nínú ọdún Kérésìmesì, nígbà Iléyá, tàbí nígbà tí ọmọ bá fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́.

Ohun tí a ó lò:
ìyẹ̀fun àlìkámà, ife 3;
ṣúgà, ìdajì ife;
òróró, ìdámẹ́ta ife;
iyọ̀, ìwọ̀n tí ìka méjì lè bù;
omi, nǹkan bí ìdajì ife.

Bí a ó ti ṣe é:

Kìíní, ẹ fọ ọwọ́ yín àti ọwọ́ ọmọ pẹ̀lú ọṣẹ.

Èkejì, ẹ da ìyẹ̀fun, ṣúgà àti iyọ̀ pọ̀. Ẹ da òróró sí i, kí ẹ fi ọwọ́ fọ̀n ọ́n pọ̀. Ẹ máa bu omi sí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dì. Kò gbọdọ̀ lẹ̀ mọ́ ọwọ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ fún ọmọ ní díẹ̀ nínú rẹ̀. Kí ó yí i gùn bí okùn. Ẹ kọ lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé, kí ó sì fi okùn ìyẹ̀fun náà mọ lẹ́tà náà. Bí orúkọ rẹ̀ bá kúrú, kí ó mọ gbogbo rẹ̀. Kí lẹ́tà náà má nípọn ju ìka ọmọdé lọ, kí inú rẹ̀ lè jinná.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ kò bá ní ààrò búrẹ́dì, ẹ lo ìkòkò irin. Ẹ da iyanrìn gbígbẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ó ga tó ìka méjì. Ẹ gbé e ka iná èédú, ẹ dé e, kí ó gbóná dáadáa. Ẹ to àwọn lẹ́tà sínú àwo irin tí ẹ ti fi òróró pa, kí ẹ gbé àwo náà lé orí iyanrìn. Ẹ dé ìkòkò náà, kí ẹ fi ẹyin iná díẹ̀ lé orí ìdérí rẹ̀. Bí ó bá tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, ẹ wò ó. Bí ó bá ti pọ́n díẹ̀, ó ti jinná.

Ẹ̀karùn-ún, bí ó bá tutù, kí ọmọ pe lẹ́tà náà kí ó tó jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin pẹ̀lú, ẹ ṣe tiyín. Ẹ mọ lẹ́tà tí ó máa ń dà yín láàmú jù. Bóyá "gb" ni, bóyá "ẹ" ni. Ẹ mọ ọ́n, ẹ yan án, ẹ jẹ ẹ́. Kò ní dà yín láàmú pẹ́ mọ́.

6. Ìwé tí ẹ̀yin fúnra yín kọ

Ẹnìkan lè wí pé: "Ìwé ọmọdé wọ́n. Níbo ni n ó ti rí èyí tó sọ nípa ọdún iṣu ní èdè ilé wa?" Òtítọ́ ni. Faransé ni èdè ìwé ní ilé ẹ̀kọ́ Tógò. Nígbà tí a tún ètò ẹ̀kọ́ ṣe ní ọdún 1975, èdè Ewé àti èdè Kabiyé ni a yàn láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́. Èdè Ifẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Nítorí náà, ọmọ Atakpamé lè ka ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún láì rí ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá rẹ̀ lójú ìwé.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ti mọ ìwé kọ báyìí. Ẹ kọ ọ́ fún un.

Ẹ mú ìwé funfun 2. Ẹ gbé ọ̀kan lé orí èkejì, kí ẹ ká wọn sí méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán ibi tí ẹ ká. Ẹ ti ní ìwé olójú-ewé 8 nìyẹn. Ní ojú-ewé kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ gbólóhùn kúkúrú kan tàbí méjì sí ìsàlẹ̀. Ẹ fi òkè rẹ̀ sílẹ̀ kí ọmọ ya àwòrán sí i.

Àpẹẹrẹ nìyí:

Ojú-ewé 1: ỌDÚN IṢU.
Ojú-ewé 2: Èyí ni oko bàbá àgbà.
Ojú-ewé 3: Bàbá àgbà kọ ebè. Ó gbin èbù.
Ojú-ewé 4: Òjò rọ̀. Iṣu ta.
Ojú-ewé 5: Bàbá wa iṣu. Ìyá gbé e wálé.
Ojú-ewé 6: A kò tíì jẹ ẹ́. A fẹ́ kọ́kọ́ dúpẹ́.
Ojú-ewé 7: Ọjọ́ ọdún pé. A gún iyán.
Ojú-ewé 8: Ẹ kọ orúkọ ọmọ yín síbí, kí ẹ fi kún un pé: "jẹ iyán, ó sì yó."

Bí ó bá jẹ́ itsu ni ẹ ń pè é nílé yín, ẹ kọ itsu. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ń gbọ́ lẹ́nu yín ni kí ó rí nínú ìwé náà. Bí ẹ kò bá mọ bí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ bi olùkọ́ yín.

7. Bí a ti ń kàwé fún ọmọ

Ẹ gbé ọmọ lé itan, tàbí kí ẹ jókòó tì í. Ẹ jẹ́ kí ìwé wà níwájú ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ fi ìka tọ ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ bí ẹ ti ń kà á. Ẹ dúró, kí ẹ bi í pé: "Kí ni o rí níbí? Kí ni yóò tún ṣẹlẹ̀?" Bí ó bá fẹ́ kí ẹ tún un kà, ẹ tún un kà.

Ẹ̀rù lè máa ba ẹlòmíràn nínú yín. Yóò máa wí lọ́kàn rẹ̀ pé: "Èmi tí mo ń ka ọ̀rọ̀ ní ègé-ègé, ṣé ọmọ kò ní fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?" Ẹ má bẹ̀rù. Ọmọ kékeré kò mọ ẹni tó yára àti ẹni tí kò yára. Ohun tó mọ̀ ni pé ìyá òun tàbí bàbá òun jókòó ti òun, ohùn wọn sì ń jáde láti inú ìwé. Ìka yín tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ yóò kọ́ ọ pé láti apá òsì ni a ti ń kàwé lọ sí apá ọ̀tún. Bí ọmọ bá sì ní kí ẹ ka ìwé kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, ẹ̀yin náà ti ka ìwé ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá nìyẹn. Kò sí olùkọ́ tó lè fún yín ní iṣẹ́ àṣetiléwá tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ má sọ pé iṣẹ́ obìnrin ni. Ẹni tó kọ ebè ni ó mọ ìtàn ebè jù. Ẹ̀yin ìyá àgbà àti bàbá àgbà, bí ojú yín kò bá ríran ka ìwé mọ́, ẹ sọ ìtàn náà, kí àwọn ọmọ yín kọ ọ́ sílẹ̀.

8. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn

Ní Atakpamé, a rí onígbàgbọ́, a rí mùsùlùmí, a sì rí àwọn tó ń tẹ̀lé ẹ̀sìn àbáláyé. Nínú ilé kan náà nígbà mìíràn ni gbogbo wọn wà. Àwọn kan kì í bá wọn lọ sí ibi ètùtù ọdún iṣu, nítorí ẹ̀sìn wọn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ipá mú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ ro èyí wò: ẹni tí kò ṣe ètùtù lè dúpẹ́. Ó lè sọ fún ọmọ rẹ̀ ẹni tó kọ ebè. Ó lè sọ ibi tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti wá. Bí ó bá sì jẹ́ Kérésìmesì tàbí Iléyá ni ẹ ń ṣe, ọ̀nà kan náà ni: ẹ fún ọmọ níṣẹ́ nídìí oúnjẹ, ẹ dáhùn ìbéèrè rẹ̀, ẹ fi ìwé lé e lọ́wọ́.

9. Ìparí

Owó ọdún a máa tán. Aṣọ ọdún a máa gbó. Iyán a máa dà nínú. Ìtàn tí ọmọ gbọ́ nígbà tó ń fọ iṣu pẹ̀lú yín, tí ó sì rí nínú ìwé tí ọwọ́ yín kọ, ni yóò bá a dàgbà. Ní ọjọ́ kan, ọmọ tirẹ̀ náà yóò bi í pé, "Kí ló dé?" Ẹ jẹ́ kí ó ní ohun tí yóò sọ.

Ọdún iṣu bọ́ sí oṣù kẹjọ. Ní ọdún 1966 ni àjọ UNESCO yan ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án pé kí ó jẹ́ ọjọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà fún gbogbo àgbáyé. Àkókò tó wà láàárín méjèèjì tó láti kọ ìwé olójú-ewé 8. Ẹ mú tiyín wá sí kíláàsì ní ọjọ́ náà. A ó kà wọ́n sókè fún ara wa.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni àgbẹ̀ máa ń fi sílẹ̀ nínú ebè nígbà tó bá gé iṣu àkọ́kọ́? Kí ni ìdí rẹ̀?
2. Ta ni ó máa ń béèrè ìbéèrè ní alẹ́ Ìrékọjá láàárín àwọn Júù?
3. Kí ni omi iyọ̀ ń sọ? Kí ni àkàrà aláìwú ń sọ?
4. Dárúkọ ohun mẹ́ta tí a kò gbọdọ̀ fi lé ọmọ kékeré lọ́wọ́ nínú ilé ìdáná.
5. Èdè méjì wo ni a yàn fún ilé ẹ̀kọ́ Tógò ní ọdún 1975?

IṢẸ́ ṢÍṢE

1. Ẹ kọ ìbéèrè kan tí ọmọ yín ti bi yín rí nípa ọdún. Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ ní gbólóhùn mẹ́ta.
2. Ẹ bi àgbà kan nílé yín bí wọ́n ti ń ṣe ọdún iṣu nígbà èwe rẹ̀. Ẹ kọ ohun kan tí ẹ kò gbọ́ rí sílẹ̀.
3. Ẹ ṣe ìwé olójú-ewé 8. Ẹ kà á fún ọmọ yín, tàbí fún ọmọ aládùúgbò, kí ẹ tó mú un wá sí kíláàsì.

Ọ̀RỌ̀ TÍ A Ó TÚN KÀ SÓKÈ

ebè, èbù, ìtàkùn, ìyẹ̀fun, ìwúkàrà, àkàrà aláìwú, wàláà, ètùtù, gbólóhùn, ojú-ewé.